Ẹ Má Gé Ẹyẹ Náà Kúrò Lára Àpò Lẹ́tà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ìsinmi tó kọjá, mo dúró ní Apple Junction, mò ń wá ọkọ̀ tó máa gbé mi dé Mile 2. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tó bá ti di aago márùn-ún. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń forí gbárí, danfó kò gbà fún danfó, àwọn tó ń lọ sí Festac àti àwọn tó ń ti Amùwò-Ọ̀dọ̀fin bọ̀ dí ara wọn lọ́nà pa. Mo bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tí bàbá kan tẹ́ ìwé àlòkù sí lórí ọ̀rá. Ìwé kọ́ ló dá mi dúró. Páànù bisikíìtì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ bàbá náà, sítáǹbù àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Bàbá mú àlùmọ́gàjí dání, wọ́n ń gé sítáǹbù kúrò lára àwọn àpò lẹ́tà tó ti gbó. Sítáǹbù ń bọ́ sínú páànù, àpò lẹ́tà ń lọ sínú àpò ìrẹsì kan tó wà lẹ́yìn wọn.

Wọ́n rí i pé mo ń wò. “Àbúrò, ẹyẹ lo fẹ́ ni, àbí ọba òyìnbó? Ẹyẹ wọ́n ju ọba lọ o.”

Mo kí wọn, mo sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ń fi àwọn àpò lẹ́tà yẹn ṣe. Wọ́n ní àwọn ẹlẹ́pà ló máa ń kó o. Wọ́n ní ìwé ayé ọjọ́un nípọn, kì í tètè ya, ó dáa láti fi di ẹ̀pà.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ bú bàbá yìí. Oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá. Ohun tí wọ́n ń fi àlùmọ́gàjí ṣe, èmi ti fi omi ṣe é rí, nínú ilé tiwa, pẹ̀lú ẹ̀rù tó jẹ́ tiwa, ojú mi sì là sílẹ̀ dáadáa. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Mo fẹ́ bẹ ẹnikẹ́ni nínú wa tí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ̀ ní páálí lẹ́tà lábẹ́ ibùsùn pé kó má yọ sítáǹbù kankan kúrò lára àpò tó wà. Ẹyẹ tó wà lórí ìwé pélébé yẹn nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ níye lórí. Ibi tó ti gbéra, ibi tó bà sí, àti ọjọ́ tó fò, ìyẹn ló níye lórí.

Bàbá tó bí màmá mi wà lára àwọn tó rí ilé gbà ní Festac lẹ́yìn tí àjọ̀dún FESTAC ’77 parí. Ẹ mọ ìtàn náà: ọjọ́ 15 oṣù Kínní 1977 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 12 oṣù Kejì ni wọ́n parí, àwọn àlejò kó ẹrù wọn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn mìíràn sì wọ inú ilé tí wọ́n fi sílẹ̀. Kí bàbá àgbà tó dé Festac, iṣẹ́ ti gbé wọn káàkiri. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì, ní Ìbàdàn, ní Ẹnúgu. Àṣà kan wà tí wọ́n ní: tí wọ́n bá ti fèsì lẹ́tà tán, wọ́n á sun lẹ́tà náà, wọ́n á wá tọ́jú àpò rẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn àpò ni orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó kọ ọ́ máa ń wà. Àpò lẹ́tà ni wọ́n fi ṣe ohun tí àwa ń fi fóònù ṣe lónìí. Páálí bàtà méjì ló kún fún wọn.

Nígbà tí mo wà ní 200 level, bàbá àgbà ti lọ, owó ilé-ẹ̀kọ́ mi sì kù díẹ̀ káàtó. Mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé sítáǹbù àtijọ́, pàápàá èyí tó ní ẹyẹ, ń mówó gidi wọlé. Mo sọ fún màmá àgbà, wọ́n ní kí n kó o, pé kí ló kù tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Mo da omi sínú abọ́ ìfọṣọ, mo rẹ gbogbo àpò tó ní ẹyẹ sínú rẹ̀, mo ṣí àwọn sítáǹbù kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sá wọn sórí ìwé ìròyìn, mo sì tò wọ́n sínú álíbọ́ọ̀mù fọ́tò kan. Wọ́n rẹwà! Mo yà wọ́n ní fọ́tò, mo gbé e sórí status mi. Àwọn àpò tó ti rin gbindin, tí yíǹkì wọn ti ń ṣàn, mo dà wọ́n sínú garawa pàǹtírí.

Ọ̀rẹ́ màmá mi kan mú mi mọ ọkùnrin kan tó ti ń ṣa sítáǹbù jọ láti ìgbà tó ti wà ní ilé-ìwé gírámà. Ọkùnrin náà ṣí álíbọ́ọ̀mù, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, títí ó fi dé orí ẹ̀gà méjì tó so pọ̀ mọ́ra. Òǹtẹ̀ dúdú gba ara méjèèjì kọjá, àmọ́ ìdajì òǹtẹ̀ náà ló wà níbẹ̀: lẹ́tà mẹ́ta, ENU, lókè, àti 67 nísàlẹ̀. Ó bi mí pé, “Oṣù wo?” Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, “Àpò rẹ̀ dà?”

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí ìbéèrè yẹn fi wọ̀ mí lára, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹyẹ tí à ń wí.

Láti oṣù Kẹfà 1874 tí Èkó ti ní sítáǹbù tirẹ̀, orí ọbabìnrin àti ọba Gẹ̀ẹ́sì ló gba gbogbo iwájú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yìn òmìnira ni ẹyẹ tó ráyè. Nínú àwọn tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 1961, ẹyẹ ńlá ẹlẹ́nu gbọọrọ kan, ìbátan atíòro, ló wà lórí ti ṣílè kan. Àmọ́ ọ̀wọ́ tó pọ̀ jù nínú páálí àwọn àgbà wa ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 1965, tí ìyókù rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1966. Mẹ́rìnlá ni gbogbo rẹ̀, láti orí àbọ̀ kọ́bọ̀ títí dé pọ́n-ùn kan. Maurice Fievet, ayàwòrán ará Faransé, ló yà wọ́n. Ẹranko igbó ló wà lórí àwọn kan: kìnnìún, erin, àmọ̀tẹ́kùn, erinmi, ẹfọ̀n. Ẹyẹ ló wà lórí mẹ́fà. Kọ́bọ̀ kan àbọ̀ gba ẹyẹ tíńtín kan tó ń fi ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ fa oje òdòdó. Kọ́bọ̀ méjì gba ẹ̀gà àti ìbátan rẹ̀ olórí pupa kan. Sísì gba àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gíga inú àbàtà. Kọ́bọ̀ mẹ́sàn-án gba odídẹrẹ́. Ṣílè kan gba ẹyẹ apẹja aláyà aró. Ṣílè kan àti tọ́rọ́ gba ẹyẹ gíga tó ní ìyẹ́ bíi wúrà lórí bí adé.

(Tí tọ́rọ́ àti sísì bá rú yín lójú, ẹ bi àwọn àgbà. Nígbà tí náírà dé ní oṣù Kínní 1973, kọ́bọ̀ márùn-ún tuntun jogún orúkọ sísì, kọ́bọ̀ mẹ́wàá sì jogún orúkọ ṣílè. Ìyá àgbà mi ṣì ń pe owó kékeré ní sísì títí di òní.)

Ẹ wá wo ọdún tí àwọn ẹyẹ yìí jáde. Ìbẹ̀rẹ̀ wọn bọ́ sí oṣù Kọkànlá 1965, nígbà tí ìhà Ìwọ̀ Oòrùn ń jó nítorí ìbò. Kó tó di pé ìyókù jáde, àwọn ológun ti gbàjọba ní oṣù Kínní 1966. Oṣù Keje ọdún yẹn, wọ́n tún gbà á. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún 1967, Ọ̀júkwu kéde Biafra, ogun sì bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Gbogbo àkókò yìí, ẹ̀gà àti odídẹrẹ́ ló ń gbé lẹ́tà káàkiri. Biafra gan-an kò ní sítáǹbù tirẹ̀ títí di oṣù Kejì 1968, ti Nàìjíríà tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń lò. Nígbà tó yá ní 1968 yẹn, wọ́n tún mú ọ̀wọ́ ẹranko àti ẹyẹ yìí kan náà, wọ́n sì tẹ SOVEREIGN BIAFRA àti àmì ìjọba wọn lé e lórí. Ẹyẹ kan náà, orílẹ̀-èdè méjì.

Ẹ rí ohun tí ọkùnrin yẹn ń béèrè báyìí. Tí òǹtẹ̀ Ẹnúgu 1967 bá jẹ́ ti oṣù Kejì, lẹ́tà ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ lásán ni. Tó bá jẹ́ ti oṣù Kẹfà, a jẹ́ pé Biafra ti dá dúró nígbà tí akọ̀wé ìfìwéránṣẹ́ náà lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀gà Nàìjíríà lórí. Tó bá sì jẹ́ ti oṣù Kẹjọ, báwo ló ṣe kọjá ojú ogun dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà mi? Ìdáhùn wà lórí ìdajì òǹtẹ̀ tó kù lára àpò. Àpò wà nínú garawa pàǹtírí, garawa sì ti lọ láti ọdún kan ṣáájú ìgbà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí mo mọ̀ pé òun ni àwọn kan ń dúró dè.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹyẹ 1965 tí wọ́n ti lò, tó ti kúrò lára àpò rẹ̀, kò tó owó ọkọ̀ láti Apple Junction dé Mile 2. Mo mọ̀ pé ó dùn yín, ó dun èmi náà. Ojoojúmọ́ ni gbogbo ìlú ń lò wọ́n nígbà yẹn, wọ́n tẹ̀ wọ́n lọ́pọ̀ yanturu, àwọn tó ń ṣa sítáǹbù jọ kárí ayé sì ti ní wọn. Ọjọ́ orí kì í sọ sítáǹbù di wúrà. Bí ohun kan bá ti pẹ́ tí kò sì ṣọ̀wọ́n, ohun àtijọ́ tó pọ̀ náà ni. Ẹ tún ṣọ́ra fún ìwé iye owó tí àwọn oníṣòwò sítáǹbù máa ń tẹ̀, irú èyí tí Stanley Gibbons ń tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Iye tó wà níbẹ̀ ni iye tí oníṣòwò fẹ́ tà á, kì í ṣe iye tó máa rà á lọ́wọ́ yín. Iye tó kéré jù nínú ìwé náà kì í tilẹ̀ ṣe owó sítáǹbù rárá, owó làálàá ẹni tó wá a jáde tó sì fi ránṣẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni lè kọ ẹgbẹ̀rún dọ́là sára odídẹrẹ́ kan. Ẹ wo iye tí ẹlòmíràn san gan-an, ẹ fi iye tí ẹni tó ń tà ń lá lálàá rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń wo nǹkan kéékèèké. Ṣé eyín etí rẹ̀ pé yíká? Ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ kò fẹ́lẹ́ níbi tí ẹnì kan ti fipá ṣí i? Tó bá jẹ́ tuntun, ṣé gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà? Ọ̀rinrin Èkó jẹ́ ọ̀tá ńlá fún èyí, ó máa ń lẹ̀ wọ́n mọ́ra, ó sì máa ń fi àmì pupa bí ìpẹtà sí wọn lára. Àpò ọ̀rá ni ọ̀tá kejì. Wọ́n tún máa ń wo ẹsẹ̀ sítáǹbù, torí láti 1969 ni ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé owó ti Nàìjíríà ti ń tún ọ̀wọ́ yìí tẹ̀, N.S.P. & M. sì wà lára èyí tí wọ́n tẹ̀. Sítáǹbù méjì lè jọra bí ìbejì kí ìlà kékeré yẹn sì yà wọ́n. Ní ti Biafra tí wọ́n tẹ̀ lé wọn lórí, ẹ má ra èyí tí ẹnikẹ́ni bá gbé wá láìjẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín wò ó. Kò ṣòro fún ẹlẹ́tàn láti tẹ ọ̀rọ̀ méjì lé sítáǹbù tí kò tó owó búrẹ́dì.

Àwọn ẹyẹ olówó ńlá wà lóòótọ́. Ní 1845, ìlú Basel ní Siwitsalandi tẹ àdàbà funfun kan sórí sítáǹbù wọn. Western Australia ní Ọsirélíà tẹ ẹyẹ omi dúdú kan ní 1854. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àṣìṣe ṣẹlẹ̀ nínú ìtẹ̀wé, ẹyẹ náà dorí kodò nínú férémù rẹ̀ lórí ìwọ̀nba díẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín: ẹyẹ náà dúró dáadáa, férémù gan-an ló dorí kodò. Àmọ́ orúkọ ti mọ́ ẹyẹ lára. Ọ̀kan nínú wọn lè ra fúláàtì ní Festac. Kò sí irú rẹ̀ nínú páálí bàbá àgbà yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi.

Ohun tí ẹ máa rí, tó sì ń dán jù ú lọ, ni àwọn ẹyẹ tí wọn kò fò rí. Ní àwọn ọdún 1960 sí 1970, àwọn ilẹ̀ kéékèèké bíi Ajman àti Fujeira létí òkun ilẹ̀ Lárúbáwá jẹ́ kí àwọn oníṣòwò máa tẹ sítáǹbù aláràbarà lórúkọ wọn, ẹyẹ lóríṣiríṣi, tí wọ́n sì ti lu òǹtẹ̀ mọ́ wọn lára nílé ìtẹ̀wé kí ẹnikẹ́ni tó rà wọ́n. Kò sí lẹ́tà tí wọ́n gbé. Gọ́ọ̀mù wọn ṣì wà lẹ́yìn, òǹtẹ̀ sì wà níwájú, bí ẹni tó ní ẹ̀rí pé òun lọ sí Mẹ́kà tí kò sì kúrò ní Mushin. Wọ́n pọ̀ nínú páànù bàbá Apple Junction, àwọn ni wọ́n sì ń pe owó tó ga jù lé lórí, torí wọ́n rẹwà. Ẹ̀gà tó ti dọ̀tí, tí òǹtẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú rẹ̀, ó wà nísàlẹ̀.

Ẹnìkejì mi nínú yàrá ní ilé-ẹ̀kọ́ ka èyí kí n tó gbé e síbí, ó ní ọ̀rọ̀ akúṣẹ̀ẹ́ ni. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ebi ń pa kò lè fi ìtàn jẹ ẹ̀bà, pé tí ẹnì kan bá fẹ́ san ẹgbẹ̀rún márùn-ún lórí páálí ìyá àgbà òun, kó wá gbé e kíákíá. Mo gbà pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àmọ́ bí owó bá jẹ́ ìdí, ó tún jẹ́ ìdí tí kò fi yẹ kí ẹ gé e. Àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa lẹ́tà àtijọ́ ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ní ẹgbẹ́ pàápàá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, odidi àpò tó ní òǹtẹ̀ tó ṣeé kà ni wọ́n ń wá. Wọ́n á sanwó lórí òǹtẹ̀ ìlú kékeré kan ju lórí ẹyẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gé sítáǹbù ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé owó tó ń wá.

Ó tún ní nǹkan òyìnbó ni ká máa ṣa sítáǹbù jọ. Ibí yìí ni mo ti yarí. Òyìnbó ló mú sítáǹbù dé, òyìnbó ló sì ya àwọn ẹyẹ yìí, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ̀gà jẹ́ fún, àwa tí à ń sọ fún aláròyé pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gà, àbí àwọn? Ta ló ń fi ìkóódẹ, ìyẹ́ pupa ìrù odídẹrẹ́, sí ara adé? Ta ló ń pe Ìwó ní ìlú odídẹrẹ́? Mo gbé álíbọ́ọ̀mù mi yí ká yàrá mẹ́fà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Gbogbo ènìyàn mọ odídẹrẹ́. Ẹni méjì péré ló pe ẹ̀gà lórúkọ. Lórí àwọn mẹ́rin yòókù, “ẹyẹ” ni gbogbo wọn ń dáhùn. Nígbà tí mo gbé e délé, màmá àgbà pe èyí tó dé adé ní agùfọn. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní rárá, àgùnfọn ni ẹranko ọlọ́rùn gígùn tó wà lórí ti ṣílè márùn-ún nínú ọ̀wọ́ kan náà. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ó tó ọdún mélòó kan tí mo ti gbọ́ irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa kẹ́yìn lórí ohun tí kì í ṣe ìṣèlú.

Ẹ̀rù tún wà nínú rẹ̀. Ẹyẹ aládé yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá ní Nàìjíríà. Odídẹrẹ́ ni wọ́n kó nínú igbó Áfíríkà tà débi pé ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé ní Johannesburg fi í sí ìpele tó le jù lọ nínú òfin tó ń dènà òwò ẹran ìgbẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè. Nígbà tí Fievet ń yà wọ́n, ohun tó wà nínú igbó ló ń yà. Àwa tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè má rí wọn níbòmíràn mọ́ ju orí kọ́bọ̀ mẹ́sàn-án àti ṣílè kan àti tọ́rọ́ lọ.

Kí ni mo wá fẹ́ kí ẹ ṣe? Ẹ béèrè páálí yẹn tí ẹ bá délé. Ẹ má fi omi kàn án, ẹ má fi àlùmọ́gàjí kàn án. Ẹ kó àwọn àpò sínú ìwé mímọ́, kì í ṣe nínú ọ̀rá, ibi gbígbẹ ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ ya iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ní fọ́tò. Kí ẹ wá jókòó ti ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, tàbí ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀: ta ló kọ ọ́, kí ló dà wọ́n pọ̀, níbo lonítọ̀hún wà báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́, tí àwọn òbí yín ń kó kúrò ní ilé Festac tàbí tí wọ́n ń tà á, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ìgbà tí wọ́n bá ń kó ilé ni páálí máa ń bọ́ sí ọwọ́ àwọn tó ń ra ìwé ní kílò.

Èmi náà jókòó ti màmá àgbà, ó ti pẹ́ díẹ̀ kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo nawọ́ ẹ̀gà méjì náà sí wọn, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ta ló kọ̀wé yìí láti Ẹnúgu?” Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà. Wọ́n ní Tíṣà ni. Wọn ò rántí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, Tíṣà ni gbogbo ilé ń pè é, òun àti bàbá àgbà jọ gbé yàrá kan náà rí ní Ìbàdàn. Wọ́n ní lẹ́tà kan wọlé lọ́dún tí ogun bẹ̀rẹ̀, pé lẹ́yìn ìyẹn wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ogun parí ní 1970, bàbá àgbà kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn àpò. Kò sí èsì. “Ìdí tí wọ́n fi tọ́jú àpò yẹn nìyẹn,” ni wọ́n wí. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n kàn dá sítáǹbù náà padà fún mi, wọ́n sì ní kí n lọ wo ọbẹ̀ lórí iná.

Bàbá Apple Junction àti èmi ti ṣe àdéhùn kan. Àwọn àpò tí àlùmọ́gàjí kò tíì kàn, wọ́n ti kó wọn sọ́tọ̀ sínú páálí Indomie kan, ₦300 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹlẹ́pà kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí di ìgbà tí mo bá parí ìdánwò. Mo ti ra mọ́kànlá. Ọ̀kan nínú wọn ní odídẹrẹ́ méjì, òǹtẹ̀ Jọ́ọ̀sì tó mọ́ gaara, ọdún 1966, orúkọ obìnrin kan ní Yaba níwájú, àdírẹ́sì ẹni tó kọ ọ́ lẹ́yìn. Ó ṣẹ́ kù bí ogójì nínú páálí náà. Ìta gbangba ló wà, òjò sì ti ń ṣú lójoojúmọ́, nítorí náà tí ẹnì kan nínú yín bá ń gba Apple Junction kọjá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lọ́dọ̀ bàbá.